Ọwọ́ Ń Ṣiṣẹ́, Ẹnu Ń Sọ̀rọ̀

Mo kí ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ka ìwé ìròhìn yìí nídìí àtẹ nígbà tí oníbàárà kò bá tíì dé. Mo kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ fi í pamọ́ sábẹ́ rẹ́jísítà títí agogo ìsinmi yóò fi lù. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ àti ìgbálẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yínmú sí i o, nítorí ìgbálẹ̀ ni ó là mí lójú, òun náà ni a sì fi mọ ohun tí ń ṣe ojú ọmọ mi. Ìgbálẹ̀ tí mo ń wí yìí kì í sì í ṣe ti òṣèlú. Ìgbálẹ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ ìlú tí mo ń gbé bẹ̀rẹ̀. Aráròmí ni. Aráròmí pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà ni a ṣe ń pe tiwa ní Aráròmí-Obu, kí lẹ́tà má baà ṣìnà. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni a wà. Bí ẹ kò bá mọ̀ wá, ẹ ó mọ Ọ̀rẹ̀ tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wa, nítorí ibẹ̀ ni títì ńlá tí ó ti Ṣágámù lọ sí Bìní gbà kọjá. Àwọn àgbà ṣì ń fi ìjà Ọ̀rẹ̀ ti ọdún 1967 ṣe àkàwé ohun tí ó bá le jù. Ṣùgbọ́n ní tiwa, orúkọ ìrọ̀rùn ni a ń jẹ́. Ẹni tí ó sọ ibì kan ní Aráròmí ń wí pé òun ti dé ibi tí ara ti rọ òun. Mo máa ń bi ara mi léèrè pé, nínú ilé èmi fúnra mi, ara ta ni ó rọ̀?

Nítorí pé, kí n má parọ́ fún yín, ó pẹ́ tí ara kò ti rọ ẹnikẹ́ni nínú ilé mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn tí ó ń fi ọ̀bẹ kọ èèpo igi rọ́bà ti ń wọ oko ní àdúgbò wa, torí pé kùtùkùtù ni oje rẹ̀ ń ṣàn dáadáa sínú ife. Ìyá àwọn ọmọ mi náà a ti jí. Aṣọ ọmọdé ni ó ń tà ní ọjà Ọ̀rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ fò sókè, oúnjẹ sì fò tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi bá fi wákàtí kún wákàtí lọ́jà. Èmi náà, lẹ́yìn tí a bá jáde ní ilé ẹ̀kọ́, mo tún ń lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́sìnnì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àkọ́bí mi ọkùnrin ń tẹ fóònù nínú yàrá. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń dá nìkan jẹun ní ilé ìdáná. A wá ń gbé inú ilé kan bí èrò inú ọkọ̀: a jọ jókòó, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń wo ojú fèrèsé tirẹ̀.

Bí mo bá dé lálẹ́, màá bi wọ́n pé, "Báwo ni ilé ẹ̀kọ́?" Wọn a ní, "Dáadáa ni, Bàbá." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àmọ́ kò dáadáa. Àbíkẹ́yìn mi tí ó máa ń ṣe ipò karùn-ún nínú kíláàsì ti bọ́ sí ipò kẹrìnlá, ó sì tún bọ́ sí ipò kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ọmọ tíṣà! Ojú tì mí. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo fi í wé ọmọ aládùúgbò. Mo tilẹ̀ gbá a létí lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà kò wí nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí ń wo nǹkan tí ó jìnnà, tí ó ń fún ojú pọ̀, èmi sì rò pé àrífín ni.

Ẹ fi èyí sí ọkàn, màá padà sí i.

Kì í ṣe ọgbọ́n ni ó gbé mi dé ìdí ọgbà. Ọ̀wọ́n ẹ̀fọ́ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 2024, ìyàwó mi ra ìdì tẹ̀tẹ̀ kan, nígbà tí ó sè é tán, ó dàbí ẹni pé èéfín ni ó gbé e lọ. Mo ní ṣé ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa kò tó gbin èyí ni? Ohun tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà ni táyà àtijọ́, ìkòkò fífọ́ àti koríko. Mo ṣán an, mo kọ ebè mẹ́ta, mo ra irúgbìn, mo sì dà á lé ilẹ̀ bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ. Ó hù lóòótọ́, ó hù bí irun orí, gbogbo rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Kí n tó mọ ohun tí n ó ṣe, ewúrẹ́ méjì wọlé, wọ́n sì jẹ ẹ́ kanlẹ̀.

Mo gbéra, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ewúrẹ́. Ìyá àgbà Ìkálẹ̀ kan ni. Mo fi ìbínú sọ̀rọ̀, ìyá sì fi ẹ̀rín dá mi lóhùn. Wọ́n ní, "Tíṣà, ewúrẹ́ mi kò mọ ìwé. Ọgbà tí ẹ kò sọ, ṣé ọgbà nìyẹn?" Mo ronú sí i, mo rí i pé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè wa fi ń pe ibi tí a gbin nǹkan sí àti ohun tí a fi yí i ká. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n bá mi dé ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí wọ́n kọ́ mi, òun ni mo ń kọ́ yín yìí.

Ẹ̀kọ́ kìíní: irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà ẹ po ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ó lè fọ́nká. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ ó ti máa já a sínú ọbẹ̀. Ẹ̀kọ́ kejì: ewédú máa ń ṣe agídí láti hù. Ẹ di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi gbígbóná, kí ẹ sì tètè yọ ọ́, ẹ ó rí i pé yóò jí. Ẹ̀kọ́ kẹta: ewúro àti gbúre kò nílò irúgbìn rárá. Ẹ gé igi ewúro ní ìwọ̀n igbá ọwọ́, ẹ tì í bọlẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó parí. Ẹ̀kọ́ kẹrin: ṣọkọ yòkòtò kì í ṣe ẹ̀fọ́ tí a ń fà tu. Orí rẹ̀ ni kí ẹ máa gé, yóò sì máa yọ ẹ̀ka tuntun. Ẹ̀kọ́ karùn-ún: ìgbẹ́ adìẹ tútù ń jó ẹ̀fọ́ bí iná. Ẹ kó o jọ kí ó rà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná. Bí kòkòrò bá dé, ẹ bu eérú díẹ̀ sí ewé ní òwúrọ̀ tí ìrì wà, tàbí kí ẹ gún ewé dóńgóyárò, kí ẹ fi omi sẹ́ ẹ, kí ẹ sì wọ́n ọn sí i. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣí irúgbìn gbìn, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, kí oòrùn má baà pa á.

Kí ẹ má bara jẹ́ bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́. Igi rọ́bà tí ó yí ìlú wa ká yìí, ilẹ̀ Bràsíìlì ni ó ti wá. Ní ọdún 1876, Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Henry Wickham kó nǹkan bí 70,000 irúgbìn rẹ̀ dé ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tí ó hù nínú wọn kò tó 3,000. Àmọ́ láti ara ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn ni púpọ̀ nínú oko rọ́bà ilẹ̀ Éṣíà ti ṣẹ̀. Bí èyí tí ó pọ̀ jù kò bá hù fún àwọn ọ̀mọ̀wé, kí ni tèmi tí ewúrẹ́ jẹ?

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, mo ń gbé ọparun ilẹ̀ láti sọ ọgbà. Àkọ́bí mi yọjú wo ariwo àdá. Mo ní kí ó bá mi di orí kan mú. Ó gbé fóònù kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú náà sì di wákàtí méjì. Òun ni ó rántí pé àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́ kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A ta á yí ọparun náà ká. Àbíkẹ́yìn mi kúnlẹ̀, ó fi orí kan ilẹ̀, ó ń ka irúgbìn ilá sínú ihò ní mẹ́ta mẹ́ta. Bí ìyá wọn ṣe dé láti Ọ̀rẹ̀ nìyẹn, tí ó gbé ẹrù kalẹ̀, tí ó kọ háà. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ̀yin náà nìyí?" Kò tilẹ̀ wọlé bọ́ aṣọ. Ó ká yẹ̀rì sókè, ó bá wa bu omi.

Wọ́n ní díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwa náà ṣe wọ ọgbà tiwa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́kọ́ jí nínú wa yóò ti lọ wò ó bóyá ilá ti yọ.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ dé. Ọ̀pẹ kan wà ní igun ilé wa. Ẹni tí ó wá bá wa kọ ẹyìn gé imọ̀ púpọ̀ sílẹ̀, mo sì fẹ́ dáná sun ún. Ìyá àgbà Ìkálẹ̀ kígbe láti ọ̀ọ́kán pé, "Tíṣà, ẹ fẹ́ sun owó? Ìgbálẹ̀ nìyẹn!" Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ, tí bátìrì fóònù àkọ́bí mi sì ti kú (ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run), àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ kéékèèké. A ń fá ewé kúrò lára igi àárín rẹ̀, a ń tò ó jọ.

Ẹ wò ó, mo ti ń kọ́ ọmọ láti ọdún yìí wá, n kò mọ ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá mú ọmọ jókòó sí iwájú yín, tí ẹ tẹjú mọ́ ọn, tí ẹ ní, "Kí ló ń ṣe ọ́?", ẹnu rẹ̀ yóò di. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní nǹkan tí yóò máa fi ọwọ́ ṣe, kí ẹ̀yin náà máa ṣe tiyín, kí ẹnikẹ́ni má wo ojú ẹnikẹ́ni, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ bí ìyá tirẹ̀ ṣe máa ń hun ẹní, tí òun á jókòó tì í, tí òun á máa mú koríko lé e lọ́wọ́. Ọdún kẹtàdínlógún nìyẹn tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Àkọ́bí mi ní òun kò fẹ́ ka ìwé ìṣirò owó tí mo ń lé òun sí, iṣẹ́ káfíńtà ni ó wu òun. Lọ́jọ́ mìíràn n ó ti bú u. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi dí, mo kàn ní, "Ó dára, a ó sọ ọ́."

Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti yíjú sí àbíkẹ́yìn. Ó ní, "Kí ló dé tí o fi ń gbé e sí ibi imú? Ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

Ọmọ dáhùn wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bí mo ṣe ń rí i nìyẹn, Màámi."

"Ohun tí wọ́n bá kọ sí pátákó ńkọ́?"

"N kì í rí i. Ìwé ọ̀rẹ́ mi ni mo máa ń wò kọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú un kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi ro ó. Odidi ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi pe ọmọ tí kò ríran dáadáa ní ọ̀lẹ. Mo tilẹ̀ gbá a létí nítorí pé ó fún ojú pọ̀ wò mí. A máa ń wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú ọmọ mi ni ọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, èmi ni n kò wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú. Wọ́n ní ohun tí ó súnmọ́ ọn nìkan ni ó ń rí kedere, èyí tí ó jìnnà ń ṣe bàìbàì sí i, wọ́n sì ní awò ojú yóò tún un ṣe. Ọjọ́ tí a gba awò náà, tí a dé ilé, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ tààrà. Ó dúró, ó gbójú sókè wo igi máńgòrò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ewé rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀!" Ó rò pé bí ìdì aṣọ aláwọ̀ ewé kan ni igi rí lójú gbogbo ènìyàn. Mo mú un lọ́wọ́, mo sì bẹ̀ ẹ́. Àwọn kan yóò ní bàbá kì í bẹ ọmọ. Èmi bẹ tèmi.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdé, mo wọ kíláàsì tí mo ń kọ́, mo ní kí àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn máa ka ohun tí mo kọ sí pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí méjì tí kò lè kà á, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà bí mo bá gbé ìwé fún wọn. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dán an wò. Ọmọ tí ń fún ojú pọ̀, tí ń sún mọ́ pátákó, tí ń wo ìwé ẹnìkejì, ẹ má tètè mú ẹgba.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi ń ṣe ìpolówó ìgbálẹ̀? Kò tó oṣù méjì tí ọgbà wa fi ń mú èrè jáde ju bí a ti lè jẹ lọ. Ìyàwó mi, oníṣòwò tòótọ́, ti ń ṣírò iye ìdì tí òun lè gbé lọ sí Ọ̀rẹ̀. Ó ní kí a fi ebè kún ebè, kí àwọn ọmọ máa ro ó lójoojúmọ́. A jiyàn gidi. Mo ní bí a bá ti sọ ọ́ di ọjà, àwọn ọmọ yóò di alágbàṣe, a ó sì tún padà sínú ọkọ̀ tí a ti sọ̀kalẹ̀. Òun náà ní ẹni tí kò bá tà á, yóò jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Òótọ́ wà lẹ́nu àwa méjèèjì. Ibi tí a fi sí ni pé ohun tí ó bá kù lẹ́yìn tí a bá ti jẹ, tí a sì ti fún ìyá àgbà ní tiwọn, òun ni a ó tà níwájú ilé, kí àwọn ọmọ sì kó owó rẹ̀ sínú kóló tiwọn. Kí n sọ òótọ́, owó náà kò tó nǹkan, kò tó ìdajì owó awò ojú. Ṣùgbọ́n ebè mẹ́ta ni, ebè mẹ́ta náà ni yóò máa jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe tuntun. Nígbà ogun àgbáyé kejì, láti ọdún 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ àwọn ènìyàn wọn pé kí wọ́n sọ ẹ̀yìnkùlé di oko ẹ̀fọ́. Níhìn-ín, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation dìde ní ọdún 1976, Alàgbà Ṣàgàrí sì gbé tirẹ̀ tẹ̀ lé e ní ọdún 1980. Àwọn ètò wọ̀nyẹn ti kọjá lọ. Ọgbà tí a fẹ́ràn kò nílò kí ìjọba rán wa létí.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, mo ní gbólóhùn kan fún yín. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí ọmọ mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, ẹ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ìyá a ra ìgbálẹ̀ lọ́jà, ọmọ a gbé e fún tíṣà, tíṣà a fún un ní máàkì. Ta ni ó ṣiṣẹ́ ọwọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ìgbálẹ̀ náà ni a rí, wákàtí tí ìyá àti ọmọ ì bá fi jókòó papọ̀ ni a pàdánù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ máa gba èyí tí ó wọ́, tí ó sì kúrú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí ọmọ mú èyí tí ó wọ́ wá.

Ẹ kò ní ilẹ̀? Abọ́ fífọ́ àti àpò sìmẹ́ńtì yóò gba ewúro àti ata. Ẹ kò ní ọ̀pẹ? Ẹ bó ẹ̀gúsí papọ̀, ẹ ṣa ẹ̀wà papọ̀, ẹ tún aṣọ rán. Ohunkóhun tí ọwọ́ lè máa ṣe tí ẹnu sì ṣófo ni mo ń wí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́bí mi ti kan àga kékeré kan láti ara pákó àlòkù. Ẹsẹ̀ kan kúrú, a fi òkúta gbé e. Òun ni mo jókòó lé tí mo fi kọ ìwé yìí sí yín.

Ó dìgbà kan ná o. Kí ara rọ̀ wá.